A Kì Í Torí Kọ́kọ́rọ́ Tí Ó Sọnù Wó Ilé

Ìtàn tí àwọn baba wa sọ fún wa nípa orúkọ Ìlọrin ni pé òkúta kan wà níhìn-ín, tí àwọn ọdẹ àti àwọn èrò ọ̀nà máa ń lọ irin wọn lórí rẹ̀ kí ìlú tó di ìlú. Ẹni tí ọ̀bẹ rẹ̀ bá kújú kì í jù ú sí ìgbẹ́. Orí òkúta ni í gbé e lọ, a sì máa lọ̀ ọ́ títí yóò fi mú. Ìlú tí ó gba orúkọ rẹ̀ lára irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó jẹ́ ìlú tí ń sọ irinṣẹ́ nù nítorí pé ó kọ iṣẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n bí a ti ń ṣe sí kọ̀ǹpútà wa lónìí nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà sì tó ohun tí a lè mú wá síwájú Ẹgbẹ́ wa, síwájú ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin Mágàjí, àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí ohun tí ó wà nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí. Orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ wa wà níbẹ̀. Àkọsílẹ̀ ìrìbọmi àti ti ìgbéyàwó ìjọ wà níbẹ̀. Ìtàn ìran àti ààlà ilẹ̀ ọ̀pọ̀ agbo ilé ti kúrò nínú ìwé tí ikán lè jẹ, ó ti bọ́ sínú wọn. Ohùn àwọn àgbà òṣèré dadakúàdà, àti àwòrán àwọn ìwé àfọwọ́kọ tí àwọn àáfáà ìlú yìí fi èdè Lárúbáwá kọ, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara ní Màlété, tí a dá sílẹ̀ ní 2009, ẹ̀ka kan wà tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn ìwé àfọwọ́kọ Ìlọrin. Láyé àtijọ́, bí àgbà bá kú láìsọ ohun tí ó mọ̀, ohun náà a bá a wọ ilẹ̀ lọ. Lónìí a ti gbà á sílẹ̀ kí ó tó kú, ṣùgbọ́n a tún lè pàdánù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì nítorí ẹnì kan tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ nù ún kúrò láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Àṣà tí ó gbilẹ̀ láàrin wa nìyí: kọ̀ǹpútà kọ̀, kò dìde, a gbé e tọ ẹni tí ń tún un ṣe lọ, ẹni náà wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì wí pé, “Ó ti bàjẹ́, àfi kí a fọ́máàtì rẹ̀.” Fọ́máàtì tí wọ́n ń wí yìí, ẹ̀yin ará, ni pé kí a nu gbogbo ohun tí ó wà nínú díìsìkì nù, kí a sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Àwa kò bá oníṣẹ́ náà jà, nítorí bí a ti kọ́ ọ ni ó ń ṣe é. Ohun tí a ń wí ni pé ẹ̀rọ tí kò dìde yàtọ̀ sí ẹ̀rọ tí ẹrù inú rẹ̀ bàjẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà ẹrù náà wà ní àlàáfíà nínú ilé. Kọ́kọ́rọ́ ni ó sọnù. Ta ni nínú yín tí yóò wó ilé baba rẹ̀ nítorí pé kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn sọnù?

Kí ọ̀rọ̀ wa má ba à jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, a ó mú irú ẹ̀rọ kan tí ìṣòro yìí máa ń bá, a ó sì yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí ni kọ̀ǹpútà tí ń fi Linux ṣiṣẹ́, tí gbòǹgbò rẹ̀ sì dúró lórí ètò ìpín díìsìkì tí à ń pè ní LVM. Linux ni iṣẹ́ tí Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ ní 1991, tí ó sì fi lélẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹnikẹ́ni lè ṣí inú rẹ̀, kí ó kà á, kí ó tún un ṣe, kí ó sì fi fún ẹlòmíràn. Òun ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà ńlá tí íntánẹ́ẹ̀tì gbára lé ń lò. Ọkàn rẹ̀, tí à ń pè ní kernel, sì wà nínú fóònù Android tí ó wà nínú àpò ọ̀pọ̀ nínú yín. Ní ti LVM, Heinz Mauelshagen ni ó kọ́kọ́ kọ ọ́ fún Linux ní 1998.

Ẹni tí ó mọ bí agbo ilé Ìlọrin ti rí kì yóò pẹ́ kí ó tó mọ LVM. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ẹbí kan ní ilẹ̀ mẹ́ta, ọ̀kan ní Òkèlele, ọ̀kan ní Pàkátà, ọ̀kan ní Sàngó. Wọn kò ka ilẹ̀ náà sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n pa wọ́n pọ̀ di ohun ìní kan ṣoṣo, Mágàjí sì ni ó mọ iye rẹ̀. Bí ọmọ kan bá fẹ́ ààyè, Mágàjí yóò bù fún un láti inú àpapọ̀ náà. Bí ìdílé ọmọ náà bá pọ̀ sí i, yóò bù kún un. Ìpín ọmọ kan lè wà lórí ilẹ̀ méjì láìsí ìjà, nítorí pé ìwé Mágàjí ni ó so wọ́n pọ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni LVM rí. Díìsìkì kọ̀ọ̀kan tí a fi sílẹ̀ fún un ni ilẹ̀. Àwọn tí ó ṣe é pè é ní physical volume. Àpapọ̀ wọn ni agbo, tí wọ́n pè ní volume group. Ohun tí a bù láti inú agbo ni ìpín, tí wọ́n pè ní logical volume. Ọ̀kan nínú àwọn ìpín wọ̀nyí ni gbòǹgbò, èyíinì ni ilé tí gbogbo ètò kọ̀ǹpútà náà ń gbé. Ìwé Mágàjí náà kò sì sí níbi kan ṣoṣo: a kọ ọ́ sára àwọn díìsìkì fúnra wọn, a sì tún ń fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sí /etc/lvm/backup àti /etc/lvm/archive.

Wàyí o, báwo ni ẹ̀rọ náà ti ń dìde? Nígbà tí a bá tan iná rẹ̀, ètò kékeré tí ó wà lára ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ yóò wá GRUB rí. GRUB ni olùṣọ́nà. GRUB yóò mú kernel wá, yóò sì mú àgọ́ kékeré kan wá pẹ̀lú rẹ̀, tí à ń pè ní initramfs. Ẹ kíyèsí ìdí tí àgọ́ náà fi wà. Irinṣẹ́ tí a fi ń ṣí àwọn ìpín LVM jẹ́ ara ohun tí ó wà nínú ilé, bẹ́ẹ̀ ni ilé náà kò sì lè ṣí láìsí irinṣẹ́ yìí. Nítorí náà ni a ṣe fi ẹ̀dà irinṣẹ́ náà sínú àgọ́ tí a pa síta. Láti inú àgọ́ yìí ni kernel yóò ti yẹ àwọn díìsìkì wò, tí yóò ka ìwé Mágàjí, tí yóò ṣí àwọn ìpín, tí yóò sì wọ inú gbòǹgbò. Ìgbà náà ni gbogbo ará ilé yóò jí. Bí a bá gbàgbé láti fi kọ́kọ́rọ́ sínú àgọ́, tàbí tí orúkọ tí a pe ilé kò bá bá èyí tí ó wà nínú ìwé mu, ẹ̀rọ yóò dúró sí ẹnu-ọ̀nà.

Lórí Debian àti Ubuntu, ohun tí a ó rí nígbà náà ni ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ kan pé ẹ̀rọ kò rí gbòǹgbò tí a rán an wá, lẹ́yìn èyí ni yóò kọ initramfs sí ojú rẹ̀, yóò sì máa dúró de àṣẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa bẹ̀rù ojú dúdú yìí. Wọn kò mọ̀ pé ẹ̀rọ náà kò wí pé ẹrù ti bàjẹ́, ó wí pé, “Mo dé ẹnu-ọ̀nà, n kò rí ilé. Kí ni kí n ṣe?” Ẹni tí ó bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ wa, ìdáhùn ni ó ń fẹ́.

Ìdáhùn náà ní ètò. Ẹ jẹ́ kí a tò ó lẹ́sẹẹsẹ.

Èkíní, kí a padà sọ́dọ̀ GRUB, kí a sì yan kernel ti tẹ́lẹ̀, nítorí GRUB a máa tọ́jú èyí tí ó ṣáájú. Bí ti àtijọ́ bá dìde, a ti mọ̀ pé àgọ́ tuntun ni kò pé. Ohun méjì ni ó sábà máa ń fa èyí: kí iná lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣe àtúnṣe kernel lọ́wọ́, tàbí kí ibi tí à ń pè ní /boot kún dẹ́nu pẹ̀lú àwọn kernel àtijọ́, tí kò fi sí ààyè láti kọ àgọ́ tuntun tán.

Èkejì, bí kò bá dìde síbẹ̀, kí a bèèrè bóyá ẹ̀rọ rí díìsìkì rárá. Kí a tẹ cat /proc/partitions. Bí díìsìkì kò bá sí nínú ohun tí ó kọ jáde, ọ̀rọ̀ náà kò tíì kan LVM. Okùn ni kí a yẹ̀ wò, tàbí iná díìsìkì, tàbí bóyá kernel kò ní ohun tí yóò fi mọ irú díìsìkì bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta, bí díìsìkì bá wà, kí a tẹ lvm vgscan láti wá agbo rí, lẹ́yìn náà lvm vgchange -ay láti ṣí àwọn ìpín, lẹ́yìn náà exit kí ẹ̀rọ máa bá ìrìn rẹ̀ lọ. Àṣẹ mẹ́ta péré nìwọ̀nyí, ó sì lè jẹ́ pé àwọn ni ó wà láàrin ẹrù ọdún mẹ́wàá àti ìparun. Bí ẹ̀rọ bá dìde, kí a tún àgọ́ pa lójú ẹsẹ̀ kí ó má ba à tún kọ̀ lọ́la: update-initramfs -u lórí Debian àti Ubuntu, dracut -f lórí Fedora àti Red Hat.

Ẹ̀kẹrin, bí agbo bá wà tí gbòǹgbò kò sì ṣí, kí a fi orúkọ wé orúkọ. Àṣẹ cat /proc/cmdline yóò fi orúkọ tí GRUB pe gbòǹgbò hàn wá. Àṣẹ lvm lvs yóò fi orúkọ tí ìpín náà ń jẹ́ ní tòótọ́ hàn. Bí ẹnì kan bá ti yí orúkọ agbo padà tí kò sì sọ fún olùṣọ́nà, orúkọ àtijọ́ ni olùṣọ́nà yóò máa pè, kò sì sí ẹni tí yóò dáhùn. Bí a bá tẹ e níwájú GRUB, a lè tún orúkọ náà kọ fún ìgbà kan yẹn. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá dìde ni a ó tó tún un ṣe títí láé, nínú /etc/fstab àti nínú ìwé GRUB.

Ẹ̀karùn-ún, bí ìwé Mágàjí bá wí pé ilẹ̀ kan ti sọnù, èyíinì ni pé díìsìkì kan nínú agbo kò sí, kí a wá díìsìkì náà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kánjú tẹ vgreduce --removemissing, pàápàá pẹ̀lú --force, nítorí pé ó lè yọ gbogbo ìpín tí apá kan wọn wà lórí ilẹ̀ tí ó sọnù kúrò nínú ìwé. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìwé náà ni ó bàjẹ́, vgcfgrestore wà tí ó lè fi ẹ̀dà tí a tọ́jú rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀kẹfà, bí kò bá sí irinṣẹ́ LVM nínú àgọ́ rárá, kí a fi fláàṣì tí Linux wà lórí rẹ̀ gbé ẹ̀rọ dìde láti ìta. Láti ibẹ̀ kí a ṣí agbo pẹ̀lú vgchange -ay, kí a sì so gbòǹgbò mọ́ /mnt fún kíkà nìkan pẹ̀lú mount -o ro. Kí a tó tún ohunkóhun ṣe, kí a kọ́kọ́ da ẹrù kọ sí ibòmíràn. Lẹ́yìn èyí nìkan ni a ó so ó mọ́ ọn fún kíkọ, tí a ó so /boot, /dev, /proc àti /sys mọ́ ọn, tí a ó fi chroot wọlé, tí a ó fi lvm2 sí i bí kò bá sí, tí a ó sì tún àgọ́ pa. Ní ti fsck, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, ìpín tí a kò tíì so ni a ń lò ó fún; a kò gbọdọ̀ lò ó fún èyí tí ẹ̀rọ ń lò lọ́wọ́.

Àwọn kan yóò wí pé kí a yẹra fún LVM, kí a pín díìsìkì bí wọ́n ti ń pín in látijọ́, kí wàhálà lè dínkù. Ọ̀rọ̀ náà ní òtítọ́ díẹ̀ nínú. Ẹni tí ó ní ẹ̀rọ kan, díìsìkì kan, tí kò sì retí pé yóò pọ̀ sí i, lè ṣe láìsí LVM. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá gba ètò tí Red Hat Enterprise Linux tàbí Ubuntu Server gbé kalẹ̀ fún un láìyí i padà, LVM ni wọ́n máa ń lò. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ni ó ń gbé inú agbo LVM tí kò mọ̀ pé òun ń gbé inú rẹ̀. A kò lè yẹra fún ohun tí ó ti wà nínú ilé wa; mímọ̀ ọ́n ni ó kù.

Àwọn mìíràn yóò wí pé kí ìjọba ra ẹ̀rọ tuntun. Ẹ jẹ́ kí a rántí ọdún 2007. Ní ọdún náà ni wọ́n bèèrè fún kọ̀ǹpútà kékeré Classmate 17,000 fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, pẹ̀lú Mandriva, tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn irú Linux. Kò pẹ́ tí àríyànjiyàn ńlá fi bẹ́ sílẹ̀, tí ìròyìn rẹ̀ sì kàn ká ayé, lórí bóyá kí a yọ Mandriva kúrò kí a fi Windows rọ́pò rẹ̀. Àwọn àjèjì ń jà lórí ta ni yóò wà nínú ẹ̀rọ àwọn ọmọ wa. Nínú gbogbo ariwo náà, ìbéèrè tí ó kan àwa olùkọ́ ni èyí tí ariwo bò mọ́lẹ̀: ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ wọ̀nyí bá kọ̀ láti dìde, olùkọ́ wo ni yóò wà nínú kíláàsì tí yóò mọ ohun tí yóò ṣe? Ẹni tí a fún ní ẹṣin tí a kò kọ́ bí a ti ń tọ́jú ẹṣin, ìgbà díẹ̀ ni yóò fi gùn ún.

Ohun kan wà tí ó mú kí Linux yẹ wá nínú ọ̀rọ̀ yìí, kì í sì í ṣe nítorí pé a kì í sanwó fún un nìkan. Ó fi inú rẹ̀ hàn. Gbogbo àṣẹ tí a tò sókè yìí, kò sí èyí tí a ní láti gba ìyọ̀ǹda ẹnikẹ́ni kí a tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀kọ́ tí ó ṣí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àìkọ́ ọ wa kò ní àwáwí.

Ìdènà kan tí ó ṣẹ́kù ni èdè. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ mú dáradára lè rí ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ lójú ẹ̀rọ kí ó má sì mọ̀ ọ́n, nítorí pé a kò tíì sọ ọ́ fún un ní èdè tí ó fi ń ronú. Àwọn àgbà wa nínú ìmọ̀ èdè ti fi ọ̀nà hàn wá. Ní 1984 ni ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá àkọ́kọ́ jáde, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀. Ní 1990 ni ẹlẹ́ẹ̀kejì jáde, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì, tí ó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìlọrin wa níhìn-ín, jẹ́ olóòtú rẹ̀. Nípa ìwé wọ̀nyí ni àwọn olùkọ́ fi lè fi Yorùbá kọ́ni ní gírámà àti lítíréṣọ̀. Ohun tí a ṣe fún gírámà, kí ni ó dé tí a kò lè ṣe é fún ẹ̀rọ? Nínú àpilẹ̀kọ yìí a ti lo ilẹ̀, agbo, ìpín, gbòǹgbò, àgọ́ àti olùṣọ́nà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tí ó dára jù, kí ó mú un wá. Inú wa yóò dùn láti fi tiwa sílẹ̀.

Nítorí náà ni a ṣe dá a lábàá pé kí Ẹgbẹ́ wa fi ọwọ́ sí ohun mẹ́rin. Kí a fi í ṣe òfin ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, ìjọ, mọ́ṣáláṣí àti ààfin tí ó bá fẹ́ gbọ́ tiwa, pé a kò gbọdọ̀ nu díìsìkì kan nù àyàfi tí a bá ti da ẹrù inú rẹ̀ kọ, tí ènìyàn méjì sì ti fi ọwọ́ sí i pé àwọn rí ẹ̀dà náà. Kí a kọ orúkọ agbo àti ìpín gbogbo ẹ̀rọ, bí pvs, vgs àti lvs ti fi wọ́n hàn, sínú ìwé kan tí a lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ náà, kí a sì fi ẹ̀dà /etc/lvm/backup sórí fláàṣì tí a tọ́jú sí ibòmíràn, nítorí pé ẹ̀dà tí ó wà nínú ilé títì kò wúlò fún ẹni tí ó wà lóde. Kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ń kọ́ olùkọ́ yan ẹ̀rọ àtijọ́ kan sọ́tọ̀, kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan sì gbé e dìde kí ó tó gba ìwé ẹ̀rí. Àti pé kí ìwé ìròyìn Ẹgbẹ́ wa máa tẹ àlàyé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde ní Yorùbá tí ó já gaara.

Ẹ̀yin ìjòyè wa, ẹ̀yin ni ẹ ń tọ́jú ààlà. Bí ìwé ààlà bá parun, àwọn ọmọ yín ni wọn yóò jà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dàbí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ lójú yín. Kí oṣù yìí tó parí, kí olúkúlùkù yín pe ẹni tí ń tọ́jú ẹ̀rọ ààfin tàbí ti ọ́fíìsì rẹ̀, kí ó sì bi í léèrè ohun méjì péré: níbo ni ẹ̀dà wà, àti pé bí ẹ̀rọ yìí kò bá dìde lọ́la, kí ni ohun àkọ́kọ́ tí ìwọ yóò ṣe? Bí ó bá dáhùn pé fọ́máàtì ni, kí ẹ fi àpilẹ̀kọ yìí lé e lọ́wọ́.